Ẹ̀kọ́ Ìdarí àti Ìgbáradì Bí Ológun fún Akẹ́kọ̀ọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga: Àgbéyẹ̀wò láti Agbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmaikò

Ìfáárà

Ẹni tí ó bá gba òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì kọjá ní ìdájí yóò rí i pé Òkòkòmaikò àti Ìyànà-Ìbà ti jí tipẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, ń jàdù ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn oníṣòwò tó ń lọ sí ọjà Àlàbà. Bí ọkọ̀ bá dorí kọ Àgbádárìgì, yóò kọjá ní Ìjànikin níbi tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Adéníran Ògúnsànyà wà, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó di Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 2022. Lójú ọ̀nà kan náà ni bárékè àwọn ológun Ọ̀jọ́ wà. Ìwé àti ìbọn jọ ń ṣe aládùúgbò níbẹ̀ láti ọdún pípẹ́.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni pé: kí ni akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga lè rí kọ́ nínú ọ̀nà tí ológun ń gbà kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìdarí àti ìlera ara, kí sì ni kò gbọdọ̀ kọ́ rárá? Ìbéèrè yìí kan olùkọ́ èdè Yorùbá ju bí ó ti hàn lójú lọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdọọdún, tí í ṣe Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó ń kó ọmọ jáde láti yan bí ológun níwájú àwọn aláṣẹ. Òun náà ni ó ń tò wọ́n sí ìlà láràárọ̀ kí wọ́n tó wọ kíláàsì. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó gba ìwé-ẹ̀rí NCE kì í lọ sí káńpù àgùnbánirọ̀, nítorí àwọn tó jáde ní yunifásítì àti àwọn tó gba HND ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe ni òfin ń pè. Nítorí náà, ẹni tí yóò lo àṣẹ lórí ọmọ kéékèèké lójoojúmọ́ gan-an ni ẹnikẹ́ni kò kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ. Ohun tí ó rí lọ́dọ̀ olùkọ́ tirẹ̀ ní kékeré ni yóò tún ṣe, pàṣán sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀.

Ibi tí Man O' War ti ṣẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga Nàìjíríà, ẹgbẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ mọ́ sísá eré ìdájí àti gígun okùn ni Man O' War. Orúkọ yìí máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Àwọn kan gbà pé jagunjagun ni ó túmọ̀ sí, wọ́n sì ń hùwà bẹ́ẹ̀. Orúkọ àbàtà òkun kan ní ẹ̀bá ìlú Victoria, tí à ń pè ní Limbe lónìí, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù ni. Irú ọkọ̀ ojú omi ogun kan látijọ́ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi orúkọ náà pè.

Ní ọdún 1951, nígbà tí apá ibẹ̀ ṣì wà lábẹ́ àkóso Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú Nàìjíríà, ni Alec Dickson dá ilé ìgbáradì sílẹ̀ síbẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti oríṣiríṣi ẹ̀yà ń lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun, wọ́n ń gun Òkè Kamẹrúùnù tí ó ga ju mítà 4,000 lọ, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ ìlú fún àwọn ará abúlé. Èrò náà kì í ṣe tuntun pátápátá. Kurt Hahn, ọmọ Jámánì tí ó sá wá sí Bìrìtìkó, ti wà lára àwọn tó dá ilé-ẹ̀kọ́ Outward Bound sílẹ̀ ní Aberdovey ní ilẹ̀ Wales ní ọdún 1941, kí àwọn ọ̀dọ́ atukọ̀ lè ní ìfaradà bí ogun bá ri ọkọ̀ wọn. Dickson fúnra rẹ̀ tún dá ẹgbẹ́ VSO sílẹ̀ ní ọdún 1958, èyí tó ń rán ọ̀dọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ sìn ní òkè òkun.

Nígbà tí àwọn ará Gúúsù Kamẹrúùnù dìbò ní oṣù Kejì ọdún 1961 pé àwọn kò bá Nàìjíríà lọ mọ́, ilé ìgbáradì náà pàdánù ilẹ̀ tó dúró lé. Ó kó wá sí Nàìjíríà. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìdarí àti ìwà ọmọ-ìlú rere ni ó jogún rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ojú omi rẹ̀ wà ní Apapa ní Èkó, ti orí òkè sì wà ní àwọn òkè Shere lẹ́bàá Jos. Kókó tí olùkọ́ gbọdọ̀ mú níbí ni pé wọn kò dá a sílẹ̀ láti sọ ọmọ di sójà. Òkè àti omi ni ọ̀tá tí wọ́n gbé ka iwájú ọ̀dọ́, kì í ṣe ènìyàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Àwọn ará Ọ̀jọ́ kò ṣàjèjì sí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Àwórì ni wọ́n, etí ọ̀sà ni ìlú wọn sì wà. Kí ilé-ìwé tó dé, ọmọ tí a bí sí etí omi ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, bí wọ́n ṣe ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀, àti bí wọ́n ṣe ń gbọ́ràn sí ẹni tó jókòó nídìí ọkọ̀ bí ìjì bá dé. Ó yani lẹ́nu pé akẹ́kọ̀ọ́ lè lo ọdún mẹ́rin ní agbègbè yìí kí ó má mọ ìwẹ̀ lú. Bí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ń wá ohun tí yóò fi kọ́ ìgboyà, omi Ọ̀jọ́ sún mọ́ wọn ju Òkè Kamẹrúùnù lọ, bí olùkọ́ ìwẹ̀ tó mọṣẹ́ àti ẹ̀wù ìléfòó bá ti wà.

Káńpù àgùnbánirọ̀

Èdè Yorùbá ti rí ọ̀rọ̀ fún ọmọ Nàìjíríà tó ń sìn ìlú lẹ́yìn yunifásítì: àgùnbánirọ̀. Rédíò àti ìwé ìròyìn ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ènìyàn. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Yakubu Gowon ni ó ṣe òfin rẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 1973, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni káńpù ìbẹ̀rẹ̀ máa ń gbà. Fèrè ológun ni ó ń jí ọmọ yunifásítì kí ilẹ̀ tó mọ́. Sójà ni ó ń kọ́ ọ ní yíyan. Aṣọ funfun, bàtà funfun àti kaki ni ó ń wọ̀, ọmọ olówó àti ọmọ tálákà lápapọ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò kọ́kọ́ fara mọ́ ọn. Wọ́n fi ẹ̀hónú hàn ní ọdún 1973, nítorí wọ́n rí i bí ọgbọ́n tí ológun fẹ́ fi kó wọn sábẹ́ ìjánu. Ìfura yìí ní ìtàn lẹ́yìn. Ní ọdún 1960, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn ti wá sí Èkó láti tako àdéhùn ológun tí Nàìjíríà bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe, ìjọba sì pa àdéhùn náà rẹ́ ní ọdún 1962. Ẹni tó kọ́kọ́ darí ètò àgùnbánirọ̀ ni Ọ̀gágun Ahmadu Ali, tí ó jẹ́ dókítà ìṣègùn nínú iṣẹ́ ológun. Nígbà tó di ọdún 1978, òun náà ni kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ fún ìjọba àpapọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pariwo pé kí ó lọ, nígbà tí wọ́n fi owó kún owó oúnjẹ wọn. Ìbọn dún nínú oṣù Kẹrin ọdún náà, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó kan, Akíntúndé Òjó, sì wà lára àwọn tó kú.

Kò yẹ kí olùkọ́ fi ìtàn yìí pamọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń yan lórí pápá. Ọwọ́ tó kọ́ ọmọ ní títò sí ìlà lè jẹ́ ọwọ́ kan náà tó na ìbọn sí i lọ́jọ́ mìíràn. Ní Bìrìtìkó, láti ọdún 1908 ni ẹgbẹ́ ìgbáradì ọ̀gá ológun ti wà nínú àwọn yunifásítì. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1916 ni ó fi ẹsẹ̀ irú rẹ̀ múlẹ̀. Àwọn méjèèjì ń wá ọ̀gá ológun tuntun. Ti Nàìjíríà kò rí bẹ́ẹ̀: ilé-ẹ̀kọ́ ológun gíga ti Kaduna, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1964, ni ó ń ṣe ìyẹn. Ohun tí káńpù àgùnbánirọ̀ àti Man O' War ń wá ni ọmọ-ìlú tó lè fara da ìnira, tó sì lè bá ẹni tí kì í ṣe ẹ̀yà rẹ̀ gbé.

Balógun, Aṣáájú, Sẹ̀ríkí: ohun tí àwọn oyè ń kọ́ni

Ilẹ̀ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ ìdarí tirẹ̀ kí bárékè tó dé. Nínú ìtàn tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, 70 ni àwọn Ẹ̀ṣọ́ Aláàfin Ọ̀yọ́. Akin ni ó ń sọ ènìyàn di Ẹ̀ṣọ́, kì í ṣe ilé tí wọ́n bí i sí nìkan. Ojú ọgbẹ́ Ẹ̀ṣọ́ gbọdọ̀ wà níwájú. Ẹni tí ọfà bá bà ní ẹ̀yìn ti sọ ohun tó ṣe fún gbogbo ayé. Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò ga ju bẹ́ẹ̀ lọ: 201 gbẹ́rẹ́ ni wọ́n ń sín sí i lórí, bí ó bá sì jáde ogun, ó di dandan kó borí tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé.

Ní Ìbàdàn ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀dọ́ a máa wá bàbá ogun kan fara tì. Agboolé bàbá ogun ni ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti ń kọ́ oko, ibẹ̀ ni ó ti ń kọ́ ìjà. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ èdè wo orúkọ àwọn oyè wọn dáadáa. Balógun, gẹ́gẹ́ bí Johnson ṣe tú u, ni ọba ní ogun. Gbólóhùn náà ní ààlà nínú: ní ogun ni ó ti jẹ́ ọba. Bí ogun bá tán, ó ní ẹni tí yóò dọ̀bálẹ̀ fún nílé. Aṣáájú ni ẹni tó ń ṣáájú ogun lọ, ọ̀rọ̀ yìí náà ni gbogbo ènìyàn ń lò fún olórí lónìí láì rántí pé ẹni tí ọfà kọ́kọ́ ń bá ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Sẹ̀ríkí ni olórí àwọn ọ̀dọ́ jagunjagun, ọ̀rọ̀ tó ti ọ̀dọ̀ Hausa wá. Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ọgbọ́n ogun Yorùbá ti inú ara rẹ̀ nìkan jáde, kí ó wo oyè yìí.

Ìbàdàn tún fi ewu inú ẹ̀kọ́ náà hàn. Ògèdèǹgbé Iléṣà gbé Ìbàdàn, ibẹ̀ ni ó sì ti mọ bí ogun ṣe ń lọ. Òun náà ni ó wá jẹ́ olórí ogun Èkìtìparapọ̀ tó dojú kọ Ìbàdàn nínú ogun Kírìjì láti nǹkan bí ọdún 1878, tí wọn kò fi rẹ́yìn ara wọn títí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní ọdún 1886. Ìbàdàn kọ́ ọmọ ní ìjà, ṣùgbọ́n ó ń fi àjẹ́lẹ̀ ni ìlú ọmọ náà lára. Agbára tí ènìyàn fi kọ́ ọmọ kò ní kí ọmọ náà má bi í léèrè ìwà rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Fún kíláàsì lítíréṣọ̀, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ní ọdún 1938 wúlò púpọ̀ níbí. Àwọn tó bá Àkàrà-ogun lọ sí Òkè Lángbòdó kò rí bákan náà: Kàkó ní agbára, Ìmọ̀dòye ní ìmọ̀, Olóhùn-iyọ̀ ní ohùn. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ Kàkó, wọn kì bá má dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ó yẹ kí ọ̀gá Man O' War tó ń lé ọmọ tí kò lè gun okùn kúrò nínú ẹgbẹ́ tún ìwé náà kà.

Ara líle

Àjọ ìlera àgbáyé dá a lábàá ní ọdún 2020 pé kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ṣe eré ìdárayá tó mú èémí sáré díẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe é dáadáa yóò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní lè kọrin. Rírìn kíákíá láti ẹnu ọ̀nà ọgbà dé kíláàsì lè ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ agbègbè yìí kì í gbé inú ọgbà; Òkòkòmaikò, Ìbà àti Ìyànà-Ìbà ni wọ́n háyà yàrá sí. Ìgbáradì agogo márùn-ún ìdájí tó rọrùn fún ẹni tó wà ní káńpù lè fi ẹ̀mí ọmọbìnrin tó ń dá rìn bọ̀ láti Òkòkòmaikò wewu. Ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, sàn jù.

Ewu tó tún ga ju ti ọ̀nà lọ wà nínú ẹ̀jẹ̀. Nǹkan bí ẹnì 1 nínú ọmọ Nàìjíríà 4 ni ó ní ẹ̀jẹ̀ AS. Ẹni tó jẹ́ SS kò gbọdọ̀ bá wọn sá eré àsápajúdé rárá láìjẹ́ pé dókítà fọwọ́ sí i; AS pàápàá lè ṣubú bí wọ́n bá fi tipátipá sá a nínú ooru láìmu omi. Ẹni tó ní ikọ́ fée náà wà lára àwọn tí ó yẹ kí olórí mọ̀ kí wọ́n tó bọ́ sórí pápá. Olórí tí kò bá béèrè ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe olórí. Ohun tó burú jù ni lílo eré ìdárayá bí ìyà: fífò bí ọ̀pọ̀lọ́, kíkúnlẹ̀ lórí òkúta, ọwọ́ sókè nínú oòrùn. Ọmọ tí wọ́n fi eré sísá jẹ níyà kò ní fẹ́ sáré mọ́ títí ayé rẹ̀.

Níbi tí ìgbáradì ti ń di ìfìyàjẹni

Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ya wọ ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ 5. Ohun tó ń fa ọ̀dọ́ sínú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí ohun tó ń fà á sí ẹgbẹ́ ológun: ó fẹ́ mọ̀ bóyá òun láyà, ó fẹ́ ní ará tí kò ní fi òun sílẹ̀ lójú ogun. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kò bá fún un ní ọ̀nà gbangba láti dán ara rẹ̀ wò, ẹlòmíràn yóò fi òru fún un.

Nítorí náà ìyàtọ̀ àárín méjèèjì gbọdọ̀ hàn kedere, kí ó má jẹ́ ti aṣọ nìkan. Ojú ọ̀sán ni ìgbáradì rere ń wáyé. Olùkọ́ àti òbí lè wá wò ó. Ẹni tí ó bá rẹ̀ lè sọ pé ó rẹ òun, kí ó sì lọ sílé láìsí ẹni tí yóò dọdẹ rẹ̀. Ọ̀gá ń ṣe ohun tí ó ní kí ọmọ ṣe, òun ni ó sì kọ́kọ́ ń ṣe é. Kò sí ìbúra. Níbi tí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí kò bá ti sí, ì báà jẹ́ kaki aláwọ̀ ewé ni wọ́n wọ̀, òkùnkùn ti wọ ibẹ̀.

Èdè àṣẹ

Gbogbo àṣẹ tí wọ́n fi ń tò ọmọ sí ìlà ní Èkó ni ó jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, láti ìgbà tí Bọ́ìsì Bírígéèdì ti dé Èkó ní ọdún 1908. Ọmọ ọdún mẹ́fà ń gbọ́ "Àtẹ́nṣọ̀n" láì mọ̀ pé ó túmọ̀ sí kí ó fọkàn sí nǹkan. Èyí jẹ́ iṣẹ́ tó yẹ ẹ̀ka èdè Yorùbá, kò sì le bí wọ́n ṣe rò.

Àṣẹ ológun pín sí apá méjì. Apá kìíní ń kìlọ̀, apá kejì ń mú kí ara ṣe é. Ìdákẹ́ díẹ̀ máa ń wà láàárín wọn. Yorùbá lè gbé e: "Ẹ dúró — ṣinṣin!", "Ẹ fẹsẹ̀ — sinmi!", "Ẹ tẹsẹ̀ — yan!", "Ẹgbẹ́ — dúró!" Ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo Yorùbá mọ̀ fún ìrìn ológun, yan, sílébù kan ṣoṣo ni, ó sì bá ẹsẹ̀ mu. Ìṣòro wà níbi ohùn. Ẹni tó ń pàṣẹ sábà máa ń ju ohùn sókè ní ìparí, "dúró" tó ní ohùn òkè méjì gbà á, ṣùgbọ́n nínú "Ẹ kọjú — sẹ́yìn!" ohùn ìsàlẹ̀ ni ó parí rẹ̀, bí ó bá sì jù ú sókè, ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi etí ara wọn wá ọ̀rọ̀ tó sàn jù ú. "Òsì, ọ̀tún" bá ìrìn lọ dáadáa, ẹsẹ̀ a máa balẹ̀ lórí sílébù kejì. Kí ẹni tí kì í ya s sọ́tọ̀ kúrò lára ṣ ṣọ́ra gidigidi níbẹ̀, kí ó má baà máa pe òṣì sórí ọmọ ọlọ́mọ láràárọ̀. Gángan pàápàá lè sọ àṣẹ wọ̀nyí, ìlù ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lójú ogun rí.

Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, ìṣẹ́jú 40 tó fún ẹ̀kọ́ kan lórí èyí. Kí ó pín kíláàsì sí ọ̀wọ́ ẹlẹ́ni mẹ́jọ mẹ́jọ, kí ó béèrè ẹni tí ara rẹ̀ kò dá, kí ó sì fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìlù tàbí ìwé àkọsílẹ̀ dání, kí ó má ṣe lé e jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bí arúfin. Kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan fi ìṣẹ́jú 10 wá àṣẹ márùn-ún ní Yorùbá, kí wọ́n sì jáde lọ dán an wò. Olórí ọ̀wọ́ yóò wọ ọ̀já pupa lọ́rùn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, yóò bọ́ ọ̀já náà fún ẹni tó kàn, yóò padà sínú ìlà, yóò sì ṣe ohun tí olórí tuntun bá ní kí ó ṣe. Ibẹ̀ gan-an ni kí olùkọ́ ti gbé kálámù rẹ̀ láti fún wọn ní máàkì.